Dókítà orí fóònù fún òṣìṣẹ́ inú oko: níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ìdànrè. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé abà tó ọgbọ̀n, Ìgbìrà àti Ìgèdè ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn kan sì kó ìyàwó àti ọmọ wá. Lásìkò òjò ọkọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀kadà nìkan ni. Lọ́dún tó kọjá ejò bu ọ̀kan nínú wọn jẹ nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ mọ́ kó tó dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ní báyìí ilé iṣẹ́ kan wá bá mi pé àwọn ní dókítà tí òṣìṣẹ́ lè bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbàkígbà, kí n máa san owó lórí ẹni kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Orí àpáta nìkan la ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣé owó yìí tó san? Ṣé ó lè rọ́pò ọmọ kẹ́míìsì tó máa ń wá gún wọn lábẹ́rẹ́?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn èèyàn yín. Ó tó san, ó sì lè gba ẹ̀mí là, àmọ́ ilé iṣẹ́ yẹn kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fowó fún. Fóònù kò lọ́wọ́. Dókítà tó jókòó sí Àkúrẹ́ tàbí Èkó kò lè tẹ ikùn aláìsàn wò, kò lè gbóòórùn egbò, kò lè mọ̀ bóyá ara gbóná. Ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn bá rí, tó wọ̀n, tó sì sọ, òun nìkan ni yóò lò. Nítorí náà, ẹni tí yóò jẹ́ ojú àti ọwọ́ dókítà nínú abà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, lẹ́yìn náà àpótí oògùn, àti ọ̀nà tí aláìsàn yóò fi jáde. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè wá bá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba owó oṣooṣù yẹn jókòó.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ èyí. Ní Ọsirélíà, níbi tí oko màlúù kan lè jìnnà sí ọsibítù ju bí Àkúrẹ́ ṣe jìnnà sí Èkó lọ, wọ́n dá iṣẹ́ dókítà oníbàálù sílẹ̀ ní 1928. Lọ́dún kejì, Alfred Traeger ṣe rédíò kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́ kó lè mú iná wá, kí àwọn ará oko lè fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, ohun tó sọ iṣẹ́ náà di gidi ni àpótí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ní 1942: àpótí oògùn kan náà fún gbogbo oko, nọ́ńbà sì wà lára oògùn kọ̀ọ̀kan. Dókítà kò ní láti máa pariwo orúkọ oògùn gígùn sínú rédíò tó ń ha. Yóò kàn ní kí wọ́n fún aláìsàn ní ẹyọ méjì nínú nọ́ńbà báyìí. Àwọn atukọ̀ ojú òkun náà rí irú rẹ̀. CIRM, ibùdó ìmọ̀ràn ìṣègùn orí rédíò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Róòmù ní 1935, tí Guglielmo Marconi sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣì ń gba atukọ̀ orílẹ̀-èdè gbogbo nímọ̀ràn ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ títí di òní.

A ò tiẹ̀ ní láti rìn jìnnà. Nígbà tí ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímìkò, gómìnà Oǹdó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera aboyún tí wọ́n pè ní Abíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù. Fóònù yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn rántí. Wọ́n gbàgbé ẹni tó ń gbé e. Òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tí wọ́n fi àwọn aboyún sí ìkáwọ́ rẹ̀, tó mọ ilé wọn, tó ní ohun ìrìnnà, ọsibítù sì wà tí yóò gbà wọ́n. Ẹ yọ àwọn yẹn kúrò, kí ẹ fi fóònù nìkan sílẹ̀, kò sí Abíyè mọ́.

Ta wá ni kí ẹ yàn? Bí agbára yín bá ká a, ẹ gba òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé, èyí tí wọ́n ń pè ní CHEW. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlera ní Àkúrẹ́, wọ́n ní ìwé ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, wọ́n sì mọ ibi tí agbára wọn dé. Kò dandan kó máa gbé abà. Ẹ̀yin àti oko méjì tàbí mẹ́ta tó múlé gbe yín lè jọ gbà á, kó máa yípo. Láfikún, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ èèyàn méjì tó ń gbé abà ní ìtọ́jú pàjáwìrì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Nínú ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ ni mo máa ń wá obìnrin náà sí. Òun ló sábà máa ń wà nílé nígbà tí ọkùnrin wà lábẹ́ kòkó, òun sì ni aboyún á sọ òótọ́ fún. Ó yẹ kó gbọ́ Ìgbìrà tàbí Ìgèdè, kó sì gbọ́ Yorùbá tàbí èdè Píjìn tí dókítà gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́ọ̀mánù ṣe é. Mo ń padà bọ̀ sórí èyí.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: tẹmọ́mítà, ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru aláwọ̀sápá, ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà, ohun ìdánwò ibà tí a ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣe, aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ aháka yìí dára, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ẹni tó tà á lè má sọ fún yín: lórí àwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó máa ń pe iye tó ga ju òótọ́ lọ nígbà mìíràn. Ó lè fi 94 hàn kó jẹ́ pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Làálì àti ọ̀dà èékánná tún máa ń dà á rú. Nítorí náà mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé kí wọ́n ka èémí. Kí aláìsàn jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Àgbàlagbà tó bá mí tó 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù tí ẹ̀rọ ì báà sọ. Bí ẹ̀rọ bá pe iye tó rẹlẹ̀ sí 90, ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n óò bá dókítà sọ náà ní ètò. Ọjọ́ orí, kí ló ń ṣe é, láti ìgbà wo, iye tí wọ́n wọ̀n, oògùn tó ti lò. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi pamọ́. Kí wọ́n sọ àgbo tó mu, kí wọ́n sọ abẹ́rẹ́ tí kẹ́míìsì gún un, kí wọ́n ya pákó oògùn náà ní fọ́tò bó bá wà. Dókítà kan kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ló lè fún un ní ohun tí yóò bá a jà nínú. Kí wọ́n tún sọ ìgbà tó lo oògùn ibà kẹ́yìn, torí ìdánwò ibà tó wọ́pọ̀ lọ́jà lè ṣì máa fi ibà hàn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti kúrò lára.

Ní ti àpótí, ẹ ṣe é bíi ti àwọn ará Ọsirélíà: ẹ fi nọ́ńbà sí i, kí dókítà ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀. Panadó, iyọ̀ àti ṣúgà alápò tí a ń pò mọ́ omi, tí a ń pè ní ORS, oògùn ibà AL (artemether-lumefantrine), oògùn ara yíyún, báńdéèjì gbòòrò, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ, omi iyọ̀ ìfọ̀gbò. Àgbàlagbà ń lo ẹyọ 24 nínú AL fún ọjọ́ mẹ́ta: mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ti ẹ̀ẹ̀kejì ní wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kó sì jẹ oúnjẹ tó lọ́ràá díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ kí ìdánwò sọ pé ibà ni kó tó di pé wọ́n fún un. Ajẹ́kòkòrò bí amoxicillin lè wà nínú àpótí, kó wà lábẹ́ àgádágodo, kí dókítà sọ̀rọ̀ kí a tó ṣí i. Trámádọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Ẹ mọ̀ bó ti ń jẹ àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ agbára.

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí ni yóò rọ́pò ọmọ kẹ́míìsì, ó sì yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Mi ò bínú sí i. Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn, òun ló ń wá. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a gún láìdánwò, àti oògùn oríṣi mẹ́rin márùn-ún tí wọ́n pò sínú ọ̀rá kan láìní orúkọ, ló ń bo àìsàn gidi mọ́lẹ̀ títí yóò fi bọ́ sórí. Àwọn òṣìṣẹ́ yín fẹ́ràn abẹ́rẹ́ torí wọ́n gbà pé òun ló yá. Ẹ jẹ́ kí dókítà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù, ní èdè wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọlé bí ọ̀gá oko bá sọ ọ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ sì ni, àmọ́ nínú oko ohùn tó já gaara sàn ju fídíò tó ń dúró tó ń sọ lọ. Ìpè lásán ń gba ibi tí fídíò kò lè gbà. Fún egbò, ojú pípọ́n tàbí ara súsú, ẹ ya fọ́tò mẹ́ta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ọ̀kan láti òkèèrè, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan tí owó ẹyọ tàbí bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí dókítà lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ohùn lórí WhatsApp. Yóò lọ nígbà tí fóònù bá dé orí àpáta. Ẹ bá dókítà fi àkókò kan sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tí ẹnì kan yóò máa gòkè lọ. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tó jẹ́ pé ìwọ̀n àti oògùn ni wọ́n nílò, àkókò yẹn tó wọn. Àwọn ni wọ́n máa ń jàǹfààní jù nínú gbogbo ètò yìí, torí láìsí i wọn ò ní pa iṣẹ́ ọjọ́ kan tì láti lọ tò ní ọsibítù. Bí apá bá ká a, Starlink pẹ̀lú sólà kékeré lè gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá sínú abà. Ó ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Ẹ má jẹ́ kí àìsí i dá yín dúró.

Ó wá ku àwọn àìsàn tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, kí fóònù tẹ̀ lé e. Ejò, májèlé, ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, àdá tàbí ẹ̀rọ agégi tó gé ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, àyà dídùn, gìrì, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ikùn tó le gbagidi. Kò sí dókítà orí fóònù tó lè wo ìwọ̀nyí sàn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó máa bá yín lọ lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ejò. Kí ẹni tí ejò bù jẹ dùbúlẹ̀, kí wọ́n bọ́ òrùka àti bàtà rẹ̀, kí wọ́n fi igi méjì di apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má baà mì. Kí wọ́n má fi okùn dì í pinpin, kí wọ́n má fi abẹ sín in, kí wọ́n má fẹnu fa á. Lórí ọ̀kadà, àárín ni kó wà, kí ẹnì kan gbá a mú lẹ́yìn. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà, dókítà yín ni kẹ́ ẹ pè, kí òun pe àwọn ọsibítù láti mọ èyí tó ní oògùn ejò nílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí fóònù lè ṣe fún ẹni tí ejò bù jẹ, èyí ni mo gbà pé ó tóbi jù. Oògùn ejò kì í sí níbi gbogbo, ọ̀pọ̀ òru ló ń ṣòfò láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù kan sí òmíràn. Ẹ ṣàpèjúwe ejò náà bí ẹ bá rí i, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lé e torí àtiyà á ní fọ́tò. Oògùn ejò EchiTAb-Plus tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, ejò mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún: paramọ́lẹ̀, sèbé tó ń tutọ́, àti ejò kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ ọ̀dàn lókè. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi nílò láti mọ irú ejò tó jẹ́. Bó bá jẹ́ pé sèbé tutọ́ sí i lójú, omi púpọ̀ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó ronú kan fóònù.

Àwọn tó ń fín kòkó náà wà lọ́kàn mi. Bí ẹnì kan bá ń làágùn, tó ń da itọ́, tó ń bì, tí ọmọlójú rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́, oògùn kòkòrò ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fipá mú un bì. Ó lè gba ọ̀nà òdì wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Fọ́tò ara ike oògùn náà, ibi tí orúkọ kẹ́míkà wà, ni dókítà fẹ́ rí kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ yẹ ibi tí ẹ ń kó oògùn sí wò pẹ̀lú. Bí ìgò paraquat bá ṣì wà níbẹ̀, NAFDAC ti fòfin dè é láti 2024.

Àti ibà tí kò gbọ́ oògùn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, abà tí eku ń wọlé wọ̀de sì ni ilé rẹ̀. Bí ìdánwò bá ní kì í ṣe ibà ẹ̀fọn, tàbí tí ara ṣì gbóná lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó ti ń lo AL, tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, tí ojú wú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi tí kò yẹ, ẹ pe dókítà kí ẹ tó gbé e. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Bí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tó jẹ́ ibùdó ìtọ́jú Lassa, bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, wọn óò gbà á láìṣe pé ó kọ́kọ́ jókòó sáàárín èrò. Nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, tí a ń pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232. Ti pàjáwìrì gbogbo ni 112.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀nà yẹn dánra wò. Kí ẹnì kan ṣe bí ẹni tí ejò bù jẹ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n gbé e títí dé ojú títì. Ẹ óò rí i bóyá ọ̀kadà ní epo, bóyá ọlọ́kadà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń retí, bóyá iná wà nínú fóònù, bóyá owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo sọ pé mò ń padà bọ̀ sórí fọ́ọ̀mánù. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ pé ọ̀gá òun ń gbọ́ ohun tí òun ń sọ fún dókítà kò ní sọ nǹkan kan tó ṣe pàtàkì. Kò ní sọ ikọ́ tó ti tó oṣù kan, kò ní sọ kòkòrò HIV, obìnrin kò ní sọ oyún. Yóò dákẹ́ títí ara yóò fi kọ̀, nítorí ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń bà á. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé kò sí ẹni tí ẹ óò lé nítorí ohun tó bá dókítà sọ, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 àti òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 náà wà lẹ́yìn aláìsàn nínú èyí. Ohun tó kàn yín ni iye ọjọ́ tí dókítà ní kó fi sinmi. Àìsàn tó ń ṣe é wà láàárín òun àti dókítà.

Bí ẹ bá wá pe ilé iṣẹ́ yẹn padà, ẹ béèrè nọ́ńbà fólíò, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, àwọn dókítà wọn lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, àti bóyá ìwé àṣẹ ọdún yìí wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè ta ni ń gbé fóònù ní aago méjì òru, àti èdè wo ló gbọ́. Ṣé dókítà kan náà ni yóò máa dá àwọn èèyàn yín lóhùn, àbí tuntun lójoojúmọ́? Ọsibítù wo ni wọn óò kọ̀wé sí ní Ìdànrè tàbí Àkúrẹ́? Bí wọn ò bá mọ orúkọ ọsibítù kankan lágbègbè wa, mi ò ní fún wọn lówó.

Ní ti owó, ẹ wò ó bóyá ẹ ti ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, bí òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 ṣe là á sílẹ̀. Ọgbẹ́ àti ejò lẹ́nu iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún yín, ẹ̀yin ní ọjọ́ 7 láti fi tó wọn létí, àkọsílẹ̀ dókítà orí fóònù, tó ní ọjọ́ àti aago, sì lè ṣe ẹ̀rí fún un. Fún àìsàn tí kì í ṣe ti ẹnu iṣẹ́, òfin 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Àjọ tó ń bójú tó o ní ìpínlẹ̀ wa, ODCHC, wà ní Àkúrẹ́. Ẹ kó orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ti ìyàwó àti ọmọ wọn, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.